Ojú Kì í Wá Ẹnu Àkọ̀

Ní Ashihama, ìlú apẹja kan létí òkun Tosa, tí ẹnìkan bá ń yọ idà, àwọn àgbà kì í tètè gbójú sókè. Wọ́n á máa mu tíì wọn lọ. Ìgbà tó bá yọ ọ́ tán, tó gé ọ̀tá tí kò sí níbẹ̀ lulẹ̀, tó gbọn ẹ̀jẹ̀ tí kò sí lára irin dànù, tó wá ku kó dá idà padà sínú àkọ̀, ìgbà náà ni wọ́n á gbé ife kalẹ̀. Ọ̀gá Kadota, tó ti ń kọ́ wọn láti ogójì ọdún sẹ́yìn, ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. “Ìbínú lè yọ idà,” ló máa ń wí. “Ìwà ló ń dá a padà.”

Ẹni tí wọ́n sì máa ń torí ẹ̀ gbé ife kalẹ̀ jù ni Sonoe Yasuoka.

Obìnrin ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni. Ọkọ rẹ̀ ń bá ọkọ̀ ńlá lọ pẹja lójú agbami, oṣù mẹ́wàá ló máa ń lò kó tó fojú kan ilé. Òun fúnra rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń se ẹja katsuo, tí wọ́n á wá fi èéfín igi gbẹ ẹ́ títí tó fi máa le bí pákó. Kò ga, kò sanra, ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Ṣùgbọ́n tó bá ti kúnlẹ̀ lórí pákó ilé ìkọ́dà, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà á dákẹ́.

Ọwọ́ òsì rẹ̀ á di ẹnu àkọ̀ mú bí ẹni di ẹnu ìgò. Yóò gbé ẹ̀yìn idà lé àlàfo tó wà láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá, ọwọ́ ọ̀tún á wá máa fà á lọ síwájú, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí ṣóńṣó idà á fi dé ibi tí ìka wà, tí yóò sì já sí ẹnu àkọ̀ bí ẹja tó já padà sómi. Idà á máa wọlé, eékún rẹ̀ á máa sọ̀kalẹ̀, èèkù á kan àkọ̀ ní ìṣẹ́jú kan náà tí eékún kan ilẹ̀. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ojú rẹ̀ ò ní kúrò lára òkú tó wà níwájú rẹ̀. Òkú inú ọkàn ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkú tó lè dìde ni. Ẹni tó bá torí pé ó ń wá ẹnu àkọ̀ wo ìsàlẹ̀, ẹni yẹn ti fi ẹ̀mí ara rẹ̀ tọrẹ. Òfin àkọ́kọ́ nìyẹn ní ilé Ọ̀gá Kadota.

Sonoe mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n ṣe. Kò fẹnu sọ ọ́ rí, ṣùgbọ́n ó máa ń gbé e rìn lọ sílé bí ẹni tó gbé ọmọ pọ̀n.

Ní oṣù kejì ọdún, níbi tó ti ń gé orí ẹja, ọ̀bẹ yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì wọ ìdí àtàǹpàkò òsì dé egungun. Dókítà rán an. Ẹran jinná, ojú egbò pa dé, ìka ń ká, ó ń nà. Ṣùgbọ́n iṣan tó ń gbé ìròyìn lọ sí ọpọlọ ti já, dókítà ò sì fi pa mọ́ fún un pé kò ní so mọ́. Láti ìdí àtàǹpàkò títí dé ẹ̀gbẹ́ ìka ìfábẹ̀lá, Sonoe ò mọ ooru, kò mọ òtútù. Ó gbá ìdérí ìkòkò gbígbóná mú lọ́jọ́ kan, ọwọ́ ti lé ròrò kó tó mọ̀ pé iná jó òun.

Ibi tó kú yẹn gan-an sì ni ẹ̀yìn idà máa ń gbà kọjá.

Nígbà tó padà sí ilé ìkọ́dà lóṣù kẹrin, ó kúnlẹ̀, ó yọ, ó gé, ó gbọn, gbogbo rẹ̀ lọ bó ṣe yẹ. Ó gbé idà lé ọwọ́ òsì, kò mọ nǹkan kan. Àfi bíi pé orí tábìlì ẹlòmíì ló gbé e lé. Ó fà á síwájú, ó ń retí kí ṣóńṣó rẹ̀ já, kò já. Idà ti kọjá ẹnu àkọ̀, ó ti gún ọ̀já tó wà ní ìbàdí rẹ̀. Orí ló yọ ọ́ pé idà ìdánrawò ni, tí wọn ò pọ́n lójú. Sonoe wo ìsàlẹ̀. Kò ní in lọ́kàn láti wò ó. Ojú rẹ̀ ló lọ fúnra rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, tí idà bá ti kan ọwọ́ òsì rẹ̀, ojú rẹ̀ á bá a lọ.

Ó lọ ṣe ìdánwò ipele karùn-ún ní ìlú Kochi lóṣù karùn-ún. Nọ́ńbà rẹ̀ ò sí lára ìwé àwọn tó yege tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ bá a níbi tó ti ń di idà sínú àpò, ó rọra wí fún un pé, “Ìyáàfin, ọwọ́ yín dáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni ojú yín wá ẹnu àkọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni ọ̀tá yín ì bá ti dìde.” Sonoe tẹrí ba, ó dúpẹ́. Kò sọ̀rọ̀ ọwọ́ rẹ̀ fún un.

Ọjọ́ yẹn náà ni Hosogi yege. Ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì ni Hosogi, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, ọkùnrin onígbọ̀nwọ́ gígùn tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Tiẹ̀ ni pé kó dá idà padà fìrì, kí èèyàn má mọ ìgbà tó wọlé, àfi kó gbọ́ “kán.” Àwọn tí wọ́n bá ń wòran ní ọjọ́ ọdún máa ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n jókòó ti tíì lẹ́yìn ìdánrawò, Hosogi wá bẹ̀rẹ̀.

“Sonoe, wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lo kí ẹnu àkọ̀ ẹ. Ṣé ó dá ẹ lóhùn?”

“Ó ní kí n kí yín, Bọ̀ọ̀dá Hosogi,” ni Sonoe dáhùn. “Ó ní tiyín ò tiẹ̀ rójú gba ìkíni, torí ẹ máa ń sáré wọlé bí ẹni tí inú ń run.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Hosogi gan-an rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó fà súnmọ́ ọn.

“Àwàdà ni mò ń ṣe o. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó ò gba ìwé dókítà? Mo mọ bàbá kan lókè lọ́hùn-ún tí eékún ẹ̀ ti bàjẹ́. Ìwé ló mú lọ. Orí ìdúró ló ti ń ṣe gbogbo èyí tí àwa ń kúnlẹ̀ ṣe, wọ́n sì gbà á fún un. Jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ síwèé pé ọwọ́ ẹ ò mọ nǹkan mọ́, kí wọ́n yọ̀ǹda kó o máa wo ìsàlẹ̀. Òfin gbà á.”

Gbogbo ojú yí sí Ọ̀gá Kadota. Bàbá náà ti pé ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, etí rẹ̀ kan ò gbọ́ràn mọ́, ṣùgbọ́n èyí tó kù ń gbọ́ tó fún méjì.

“Òótọ́ ni,” ló wí. “Òfin gbà á, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Tó o bá fẹ́, mo máa bu ọwọ́ lù ú lónìí.”

Sonoe wo ọwọ́ òsì rẹ̀ tó wà lórí itan rẹ̀.

“Ẹ ṣeun, Ọ̀gá. Ṣùgbọ́n bàbá yẹn, eékún ẹ̀ ò lè tẹ̀. Ojú tèmi ò fọ́. Tí mo bá mú ìwé lọ, ìwé yẹn ni wọ́n máa fún ní ipele karùn-ún. Èmi á kàn máa bá a gbé e kiri ni.”

“Ìgbéraga nìyẹn,” ni Hosogi wí.

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ni Sonoe dáhùn, ó sì gbé tíì rẹ̀ mu.

Ọ̀gá Kadota ò yìn ín, kò bá a wí. Ó ní, “Ó dáa. Láti òní lọ, o ò gbọdọ̀ yọ idà mọ́. Kó o kàn máa dá a padà.”

“Ọ̀gá, báwo lèèyàn ṣe ń dá ohun tí kò yọ padà?” ni Hosogi bèèrè.

“Ìwọ tó o máa ń dá a padà kó o tó yọ ọ́ tán, ìwọ ló yẹ kó o ṣàlàyé ẹ̀ fún wa.”

Bí Sonoe ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn yòókù bá ń sáré, tí wọ́n ń gé, tí wọ́n ń yí, òun á wà ní igun kan lórí eékún, idà lọ́wọ́ ọ̀tún, àkọ̀ lọ́wọ́ òsì, á máa dá a padà. Ìgbà ọgọ́rùn-ún. Ojú rẹ̀ á dúró sójú kan lára ògiri, idà á sì máa ṣìnà. Á gba òkè kọjá, á gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, á gún ọ̀já, á ha ìka rẹ̀. Tó bá ti ń pòṣé, Ọ̀gá Kadota á gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, á ní, “Ọwọ́ ẹ ló kú. Igi ò kú.” Ohun kan ṣoṣo tó máa ń sọ nìyẹn, Sonoe ò sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn ìrọ̀lẹ́ kan wà tó jẹ́ pé ṣe ló máa ń bínú sí bàbá náà títí tó fi délé.

Àwọn àgbà ní idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Kò tó oṣù méjì tí ẹnu àkọ̀ Sonoe fi ya, tí ó fá yíká bí ẹnu ìkòkò àtijọ́. Ó gbé e lọ bá Ọ̀gá Kadota, ojú ń tì í. Bàbá náà ò bá a wí. Ó mú ìwo ẹfọ̀n jáde látinú àpótí, ó jókòó sí ìloro, ó fi ọjọ́ mẹ́ta gbẹ́ òrùka kan láti inú rẹ̀, ó sì fi dé ẹnu àkọ̀ náà. Nígbà tó ń gbé e fún un, ó fi èékánná kan òrùka náà.

“Ìwo yìí le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kò ní tètè ya. Ó sì máa ń sọ̀rọ̀.”

Sonoe gbà á, ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ kankan kò wá látinú ìwo náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ibi iṣẹ́ ẹja ni òye ti yé e, nígbà tí ooru mú gan-an ní oṣù keje. Tí ẹja bá gbẹ tán, Sonoe ló máa ń yẹ̀ ẹ́ wò. Á fi ọ̀tún mú ọ̀kan, á fi òsì mú ọ̀kan, á fi wọ́n kan ara wọn. Èyí tó gbẹ dénú á dún gbangba bí igi lu igi. Èyí tí omi ṣì kù nínú rẹ̀ á dún bíi pé èèyàn gbá tìmùtìmù. Ogún ọdún ló ti ń ṣe é. Kì í wo ẹja náà mọ́. Ọ̀rọ̀ tí òun àti Tamiyo, obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣe é, bá ń sọ ló máa ń fojú sí.

Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ èéfín síta ti bàjẹ́ lọ́jọ́ náà, ó ń pariwo bí ẹni tí wọ́n ń lù. Sonoe ń kan ẹja lọ ní tirẹ̀, ó ń da èyí tó gbẹ sí ọ̀tún, ó ń da èyí tí kò gbẹ sí òsì. Tamiyo dúró, ó ń wò ó.

“Àǹtí Sonoe,” ló wí, ó ń kígbe kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè borí ariwo. “Ariwo yìí ò jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí mò ń rò nínú ara mi. Ẹ̀yin, báwo lẹ ṣe ń gbọ́ ẹja?”

Sonoe dá ọwọ́ dúró. Òótọ́ ni. Kò gbọ́ ẹja kankan láti òwúrọ̀. Ó tún fi méjì kan ara wọn, ó di ojú. Ìròyìn náà ń bọ̀ lọ́nà mìíràn. Ó ń gba ọrùn ọwọ́ òsì wọlé, ó ń gun egungun lọ títí dé ìgúnpá, gbọ̀n-ọ̀n, bí okùn tí wọ́n ta. Ọwọ́ òsì tó kú yẹn ló fi mú ẹja náà. Ó wá fún ẹja náà mọ́wọ́ pinpin, ó tún kàn án. Kò wá mọ́. Ó dẹ ọwọ́ díẹ̀, ó tún wá.

“Mi ò gbọ́ ọ,” ló sọ fún Tamiyo. “Egungun mi ló ń sọ fún mi.”

“Ẹ lọ jókòó síbi tó tutù, Àǹtí,” ni Tamiyo wí. “Ooru ti mú yín.”

Kò pààrọ̀ aṣọ nígbà tí iṣẹ́ parí. Tòun ti òórùn èéfín àti ẹja ló gba ilé ìkọ́dà lọ tààrà. Ọ̀gá Kadota nìkan ló wà níbẹ̀, ó ń gbálẹ̀. Sonoe kí i, ó mú idà rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sí igun rẹ̀. Láti oṣù kẹrin ló ti ń di ẹnu àkọ̀ mú gírígírí, torí ẹ̀rù ń bà á pé ọwọ́ tí kò mọ nǹkan lè jù ú sílẹ̀. Ó dẹ ọwọ́ báyìí. Ó mú àkọ̀ bí èèyàn ṣe ń mú ẹyin. Ó yí ọwọ́ díẹ̀, ìwọ̀n ìbú ìka kan, kí ẹ̀yìn idà má baà sùn lórí ẹran tó kú nìkan, kó máa kan òrùka ìwo náà fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Ó tẹjú mọ́ ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á.

Ó gbọ́ ọ. Etí kọ́ ló fi gbọ́. Irin ń rìn lórí ìwo, ìwo ń sọ fún igi, igi ń sọ fún egungun ọwọ́ rẹ̀ àti fún egungun ìbàdí rẹ̀ níbi tí ọ̀já di àkọ̀ mọ́. Ó ń lọ, ó ń lọ, ó ń tínrín bí idà ṣe ń tínrín, lójijì ó dá. Níbi tó dá sí yẹn ni ṣóńṣó wà. Ó tẹ ọwọ́ ọ̀tún sílẹ̀ díẹ̀, idà sì wọlé.

Sonoe tún un ṣe. Ó tún wọlé. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, ó ṣìnà. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹrin, ó wọlé.

Ọ̀gá Kadota fi ìgbálẹ̀ ti ògiri.

“Igi ti ń sọ̀rọ̀ látọjọ́ yìí,” ló wí. “Ìwọ lò ń fún un lọ́rùn.”

Nígbà tí oṣù kẹsàn-án fi máa wọlé, ó ti lè ṣe ọgọ́rùn-ún kó má ṣìnà ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, kódà tó bá fi aṣọ ìnura dijú. Ọ̀gá Kadota bá gbé idà ara rẹ̀ fún un, idà tí wọ́n pọ́n, èyí tó lè gé irun tó bá bọ́ lé e, tí òrùka ìwo wà lẹ́nu àkọ̀ tiẹ̀ náà. Ó ní kò sí ẹni tó máa fi idà tí kò mú lọ gba ipele karùn-ún látilé òun. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ wá le, torí ọwọ́ tí kò mọ nǹkan kò mọ̀ tí wọ́n bá gé e. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ lórí pákó ló kọ́kọ́ sọ fún Sonoe pé ó ti fara gbọgbẹ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, Hosogi ló lọ mú aṣọ, tó kúnlẹ̀, tó nu ilẹ̀ náà. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó nù ún tán, ó ní, “Fi wàrà ẹ̀wà díẹ̀ jẹun tó o bá délé. Ó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà.” Ẹ̀yìn ìyẹn, Sonoe ò fara gbọgbẹ́ mọ́.

Ọjọ́ ìdánwò bọ́ sí òpin oṣù kọkànlá. Òtútù ti mú. Àwọn tó wá ṣe ìdánwò lé ní ọgọ́rin, pákó gbọ̀ngàn náà sì tutù débi pé ẹsẹ̀ ń dun èèyàn. Hosogi ló fi mọ́tò rẹ̀ gbé Sonoe àti Ọ̀gá wá, gbogbo ọ̀nà ló sì fi ń sọ bí òun ṣe ṣe tòun lóṣù karùn-ún, títí Ọ̀gá Kadota fi yí etí tí kò gbọ́ràn sí i.

Nígbà tí wọ́n pe Sonoe, òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn tò sórí ìlà. Àwọn adájọ́ márùn-ún jókòó ti tábìlì níwájú, gègé lọ́wọ́ wọn. Ó kí idà, ó so ó mọ́ ìbàdí. Ìṣẹ́jú mẹ́fà ni wọ́n fún wọn láti yọ idà, kí wọ́n sì dá a padà, lẹ́ẹ̀marùn-ún.

Ti àkọ́kọ́ wọlé bí omi. Ti ìkejì náà wọlé. Níbi ìkẹta, ọ̀dọ́kùnrin tó wà lápá òsì rẹ̀ yára dá tirẹ̀ padà, Sonoe gbọ́ bó ṣe mí kanlẹ̀, ó mọ̀ pé ó ti gún ọwọ́. Kò wò ó. Tirẹ̀ wọlé.

Níbi ìkẹrin, ó ti dìde, ó ti gé ẹni tó wà lẹ́yìn, ó ti yí padà gé ẹni tó wà níwájú. Ó gbọn ẹ̀jẹ̀ dànù. Ó gbé idà lé ọwọ́ òsì, ó ń fà á, igi ń sọ̀rọ̀. Òtútù ti mú kí ìka rẹ̀ gan, kò sì mọ̀ pé wọ́n ti fún mọ́ àkọ̀. Ọ̀rọ̀ igi dá kó tó yẹ kó dá. Ó tẹ ọwọ́ sílẹ̀, ṣóńṣó idà sì kọ lu etí ìwo: “kín.”

Ohùn kékeré ni, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó mọ idà nínú gbọ̀ngàn náà ló gbọ́ ọ.

Ojú rẹ̀ fẹ́ lọ. Ó mọ̀ ọ́n lára bí ó ṣe fẹ́ lọ, bí ẹran tí wọ́n so tó ń fa okùn. Ó dá a dúró. Ọkùnrin tó gé ṣubú wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì wò ó bí ẹni pé ọwọ́ ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mì. Kò mú idà kúrò. Kò wá ilé fún un kiri. Ó mí sínú, ó mí síta, ó dẹ ìka òsì lọ́kọ̀ọ̀kan títí àkọ̀ fi tún fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rọra fa idà padà sẹ́yìn dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀, ó ń lọ bí ẹni tí kò ní ibì kan tó ń lọ. Igi sọ̀rọ̀. Ó tínrín. Ó dá. Idà wọlé, ó ń wọlé lọ tìrọ̀rùntìrọ̀rùn, nígbà tí èèkù fi máa kan àkọ̀, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ ti fi gègé rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì.

Ìkarùn-ún, kò rántí bó ṣe lọ. Ó ṣáà wọlé.

Nígbà tí wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri lọ́sàn-án, Hosogi ló kọ́kọ́ sáré lọ wò ó, ó ń fi ìgúnpá ya àárín èrò. Ó padà wá, ó dúró níwájú Sonoe, ó gbìyànjú láti ṣe bíi pé kò sí nǹkan kan.

“Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n,” ló wí. “Ṣé kì í ṣe tìẹ nìyẹn?”

“Tèmi ni.”

“Ó wà níbẹ̀.” Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wá aṣọ ìnujú nínú àpò.

Wọn ò tíì kúrò níbẹ̀ nígbà tí olórí àwọn adájọ́ wá kí Ọ̀gá Kadota. Ọkùnrin arúgbó ni òun náà, irun orí rẹ̀ funfun báláú. Wọ́n kí ara wọn dáadáa, wọ́n bèèrè ara àti ilé. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Sonoe.

“Ìyáàfin Yasuoka, ìdúró tẹ́ ẹ dúró níbi ìkẹrin yẹn. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń jókòó ti tábìlì yìí, mi ò rí irú ẹ̀ rí. Kí ni wọ́n ń pè é ní ilé yín?”

Ọ̀gá Kadota wo Sonoe. Hosogi náà ń wò ó, ó sì hàn lójú rẹ̀ pé tó bá jẹ́ òun ni, òun ì bá ti fún un lórúkọ kan tó gbayì.

“Kò lórúkọ, sà,” ni Sonoe wí. “Idà mi ló ṣi ẹnu ọ̀nà.”

Olórí adájọ́ wo ojú rẹ̀, ó wá wo ọwọ́ òsì rẹ̀, ó rí àpá tó gba ìdí àtàǹpàkò kọjá.

“Ọwọ́ yẹn ńkọ́?”

“Kò mọ nǹkan mọ́ láti oṣù kejì.”

“Kí ló wá dé tẹ́nikẹ́ni ò kọ̀wé sí wa?”

“Mo ní mo máa bu ọwọ́ lù ú,” ni Ọ̀gá Kadota dá a lóhùn. “Ó ní ìwé ni wọ́n máa fún ní ipele.”

Olórí adájọ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà ò sì pẹ́ lójú rẹ̀. “Mo ti rí àwọn tó ṣi ẹnu ọ̀nà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn,” ló wí. “Gbogbo wọn ló wo ìsàlẹ̀.” Ó sún sẹ́yìn ẹsẹ̀ kan, ó tẹrí ba fún Sonoe, kì í ṣe irú èyí tí adájọ́ ń tẹ̀ fún ẹni tó ṣe ìdánwò. Ó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ gan-an. Sonoe tẹ̀ ẹ́ ju tirẹ̀ lọ, nígbà tó sì fi máa gbórí sókè, ọkùnrin náà ti ń lọ.

Wọ́n dúró jẹun lọ́nà, ẹja katsuo tí wọ́n fi iná koríko yan lójú pẹ̀lú ááyù tútù. Ọ̀gá Kadota jẹun dáadáa fún àgbàlagbà tó jẹ́. Inú Sonoe dùn débi pé kò lè jẹ tirẹ̀ tán. Ó ń rò pé bàbá náà máa sọ nǹkan kan. Ogún ọdún ó lé kan ló ti wà lábẹ́ rẹ̀, bàbá náà ò yìn ín rí, Sonoe ò sì retí pé kó máa yin òun. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ó retí rẹ̀ bí ọmọdé.

Ọ̀gá Kadota nu ẹnu. “Ní Ọjọ́rú, mi ò ní dìde,” ló wí. “Orókún mi ò fẹ́ òtútù yìí. Ìwọ ni wàá kọ́ wọn ní dídá idà padà.”

“Kí n kọ́ wọn, Ọ̀gá?”

“Kọ́ gbogbo wọn. Títí kan eléyìí,” ó sì nàka sí Hosogi, tí ẹja kún ẹnu rẹ̀.

Ní Ọjọ́rú, àwọn mọ́kànlá ló kúnlẹ̀ lórí ìlà. Ọ̀gá Kadota jókòó ti ògiri, ó fi aṣọ bo eékún rẹ̀, ife tíì rẹ̀ wà lọ́wọ́. Sonoe ń ti ọ̀dọ̀ ẹnìkan bọ́ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíì, ó ń tú ìka wọn sílẹ̀ lára àkọ̀, ó ń sọ pé kí wọ́n mú un bí ẹyin, kí wọ́n má fún un lọ́rùn. Ohùn rẹ̀ ò ròkè, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ní òun ò gbọ́. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Hosogi, ó ní kó ṣe é, kó sì ṣe é díẹ̀díẹ̀.

Hosogi ò ṣe é díẹ̀díẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ó gbé idà lé ọwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Bó ṣe dé ìdajì, ọ̀nà idà ti rú u lójú, òógùn bò ó, ojú rẹ̀ sì sọ̀kalẹ̀ wá ẹnu àkọ̀.

“Bọ̀ọ̀dá Hosogi,” ni Sonoe wí, jẹ́jẹ́. “Òkú yẹn ń wò yín o.”

Àwọn tó kù ń pa ẹ̀rín mọ́nú. Hosogi gbé ojú sókè, ó tẹjú mọ́ ògiri bí ẹni tó ń sọ́ ẹlẹ́wọ̀n, ó sì mí kanlẹ̀.

“Ó ti wò mí tó,” ló wí. “Ó yá, kọ́ mi.”

Sonoe kúnlẹ̀ tì í, ó sì fi ọwọ́ òsì rẹ̀ bo ti Hosogi lórí àkọ̀ náà. Lẹ́yìn wọn, níbi ògiri, wọ́n gbọ́ tí Ọ̀gá Kadota gbé ife rẹ̀ kalẹ̀.